Góòlù Ta Ni? Ìbéèrè Tó Ń Ba Bọ́ọ̀lù Nàìjíríà Jẹ́

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026, ní ìlú Fez ní orílẹ̀-èdè Mòrókò, ikọ̀ Super Eagles na Mozambique ní góòlù mẹ́rin sí òdo nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Ademola Lookman ló kọ́kọ́ ṣílé, Victor Osimhen gbá méjì wọlé, Akor Adams sì fi ẹ̀kẹrin dé e. Nínú ìpele kò-mẹsẹ̀-ó-yọ, níbi tí àṣìṣe kan ṣoṣo ti lè dá odidi ikọ̀ padà sílé, irú èsì bẹ́ẹ̀ kì í wọ́pọ̀. Ó yẹ kí àwọn ọmọ Nàìjíríà fi ẹ̀rín sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ góòlù mẹ́rin ti di ìtàn. Ohun tó gba ẹnu kan ni bí Osimhen ṣe jágbe mọ́ Lookman lórí pápá pé kò gbé bọ́ọ̀lù fún òun, tó sì ń fọwọ́ ṣe àmì pé kí wọ́n pààrọ̀ òun. Góòlù mẹ́ta ni Nàìjíríà ti fi ṣíwájú nígbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ lóòótọ́ kí eré tó parí.

Inú máa ń bí ènìyàn lórí pápá. Ẹni tí kò fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù rí ló lè sọ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó wáyé láéláé, àti pé àwọn méjèèjì tún jọ wọ aṣọ kan náà lọ pàdé Algeria lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún. Ohun tó yẹ ká yẹ̀ wò dáadáa ni ọ̀rọ̀ tí àwọn tó jókòó sílé ń sọ. Apá kan ní Lookman ń jowú ni, nítorí òun náà ti gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà ní ọdún 2024, ọdún kan lẹ́yìn tí Osimhen gba tirẹ̀. Apá kejì ní ọ̀kánjúwà ló ń da Osimhen láàmú. Wọ́n yọ ìwé ìṣirò síta láti ìhà méjèèjì: góòlù mélòó ni ti eléyìí, mélòó ni ti ọ̀hún, mélòó ló kù kí Osimhen tó lé Rashidi Yekini bá? Ẹni tó bá béèrè bí wọn yóò ṣe na Algeria ní àárín ariwo yẹn, bí ẹni tí kò gbọ́ èdè ni wọ́n ń wò ó.

Àìsàn tó ń ṣe bọ́ọ̀lù Nàìjíríà gan-an nìyẹn. Ìbéèrè "góòlù ta ni?" ti lé ìbéèrè "ta ló borí?" kúrò lórí àga. Àbájáde rẹ̀ sì hàn gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ rí i. Orílẹ̀-èdè tí ọmọ rẹ̀ méjì gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà ní ọdún méjì léra wọn, òun kan náà ni kò lọ sí Ife Àgbáyé 2022, òun náà ni kò sì rí tíkẹ́ẹ̀tì ti 2026 gbà. Orí àwọn kan ń wú, bẹ́ẹ̀ ni ilé ń dahoro.

Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín góòlù mẹ́tàdínlógójì (37) tí Yekini gbá fún Nàìjíríà. Ọmọ ìlú Ìrá ní ìpínlẹ̀ Kwara ni, ìlú Kaduna ló ti dàgbà, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars ti Ìbàdàn, ìlú Ìbàdàn kan náà ló sì fi ṣe ibùgbé lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, títí tí ọlọ́jọ́ fi dé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2012. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi nọ́ńbà 37 yìí ṣe òòṣà kì í fẹ́ rántí bí Yekini ṣe gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà kan ṣoṣo tó gbà. Ní ọdún 1994, ní orílẹ̀-èdè Tunisia, òun ni góòlù rẹ̀ pọ̀ jù nínú gbogbo ìdíje náà, ó gbá márùn-ún wọlé. Nígbà tó di àṣekágbá ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin, Zambia ni wọ́n bá pàdé, ikọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kó jọ lẹ́yìn tí ọkọ̀ òfúrufú tó já ní etí òkun Gabon ti gbẹ̀mí àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn lọ ní ọdún tó ṣáájú. Zambia ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé, kò tíì tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Emmanuel Amuneke ló dá a padà, Amuneke kan náà ló sì gbá èkejì. Yekini kò gbá kankan wọlé ní ọjọ́ yẹn. Síbẹ̀, ta ló jẹ́ sọ pé ife náà kì í ṣe ti Yekini? Ta ló jẹ́ sọ pé Amuneke nìkan ni kó gbé e lọ sílé?

Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn ni góòlù tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà mọ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1994, ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, Yekini gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú Ife Àgbáyé sí àwọ̀n Bulgaria. Ó sáré wọ inú àwọ̀n, ó ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ ojú àwọ̀n, ó ń ké, ó ń sunkún. Àwòrán yẹn kò ní parẹ́ láéláé. Nàìjíríà borí pẹ̀lú góòlù mẹ́ta sí òdo. Ṣùgbọ́n Yekini kò tún rí bọ́ọ̀lù kankan gbá wọlé mọ́ nínú ìdíje náà títí tí Ítálì fi dá Nàìjíríà dúró. Láti ọjọ́ yẹn ni ìtàn kan ti ń rìn kiri láti ẹnu dé ẹnu, pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló bínú sí i, pé wọ́n ní ó dá góòlù náà yọ̀ bí ẹni pé òun nìkan ló wà lórí pápá, wọn kò sì gbé bọ́ọ̀lù fún un mọ́. Ẹ̀rí kankan kò tẹ̀lé ìtàn náà rí. Àmọ́ ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń rìn, kò sì rẹ̀ ẹ́. Ìdí tó fi ń rìn ni pé ó bá èrò àwọn tó ń sọ ọ́ mu. Wọn kò lè gbà pé àwọn agbábọ́ọ̀lù Ítálì tó dí Yekini mọ́ ń ṣe iṣẹ́ wọn ni. Lójú wọn, bí ẹnì kan kò bá gbá góòlù wọlé, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ní láti jẹ́ ọ̀tá rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí bọ́ọ̀lù Nàìjíríà ṣe rí nígbà tó lera, kó wo Atlanta 1996. Ìdíje Òlíḿpíìkì ni. Bebeto ti Bràsíl àti Hernán Crespo ti Ajẹntínà ló gbá góòlù jù níbẹ̀, mẹ́fà mẹ́fà. Nàìjíríà na Bràsíl ti Bebeto, ó na Ajẹntínà ti Crespo, ó sì gba góòlù ọ̀wọ̀, ìyẹn mẹ́dà oníwúrà, èyí tí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan kò gbà rí nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Àwọn méjèèjì ló ní góòlù jù, ṣùgbọ́n ọrùn ẹlòmíràn ni wọ́n fi wúrà sí.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú Bràsíl yẹn tó ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọdé. Góòlù mẹ́ta sí ẹyọ kan ni Bràsíl fi ń ṣíwájú. Jay-Jay Okocha gba pẹnáritì ní abala kejì, ó sọ ọ́ nù. Ká ní ikọ̀ tó ń ka góòlù ẹnìkọ̀ọ̀kan ni, ibẹ̀ ni ìjà ì bá ti bẹ̀rẹ̀: ta ló ní kó gbá a, kí ló dé tí kì í ṣe èmi? Kàkà bẹ́ẹ̀, Victor Ikpeba gbá ọ̀kan wọlé, Nwankwo Kanu sọ ọ́ di ọ̀mì nígbà tí eré ku díẹ̀ kó parí, Kanu kan náà sì gbá góòlù tó parí rẹ̀ ní àfikún àsìkò. Mẹ́rin sí mẹ́ta. Ní àṣekágbá, ẹ wo orúkọ àwọn tó gbá a wọlé sí Ajẹntínà: Celestine Babayaro tó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn, Daniel Amokachi, àti Amuneke. Ènìyàn mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ṣọ́ wọn kò mọ ibi tí yóò gbójú sí.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ayé àtijọ́ nìkan ni irú rẹ̀ ti ṣeé ṣe. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2025, ní Rabat, àwọn obìnrin Super Falcons ń fi góòlù méjì sí òdo pàdánù lọ́wọ́ Mòrókò nínú àṣekágbá ife ẹ̀yẹ àwọn obìnrin Áfíríkà, níwájú èrò tí kò fẹ́ kí wọ́n rí ara gba nǹkan sí. Esther Okoronkwo gbá pẹnáritì wọlé. Lẹ́yìn náà ló wá ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n máa sọ jù ìyẹn lọ: ó gbé bọ́ọ̀lù fún Folashade Ijamilusi, ìyẹn gbá a wọlé, ó di ọ̀mì, nígbà tí ó sì ku ìṣẹ́jú díẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù láti ibi tí wọ́n ti fa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣubú, Jennifer Echegini sì bá a wọlé. Mẹ́ta sí méjì. Ghizlane Chebbak, balógun ikọ̀ Mòrókò, ló gba àmì ẹ̀yẹ ẹni tó gbá góòlù jù, márùn-ún. Rasheedat Ajibade, ọmọ Mushin, balógun ikọ̀ Nàìjíríà, ló gbé ife. Ẹ bi Chebbak léèrè èwo ni ì bá mú ká ní wọ́n fún un ní ẹ̀tọ́ láti yàn.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn olùfẹ́ nọ́ńbà yóò fi dáhùn kò ṣòro láti mọ̀. Wọn yóò ní iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù iwájú ni kó gbá a wọlé, pé ẹni tí kò bá ní ìwọra níwájú ilé kò lè ṣe iṣẹ́ náà, pé ikọ̀ kò lè borí bí ẹnì kan kò bá gbá góòlù. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Wọn yóò tún mẹ́nu ba Segun Odegbami, ẹni tó gbá góòlù méjì wọlé sí àwọ̀n Algeria nínú àṣekágbá ọdún 1980 ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, tó sì wà lára àwọn tó gbá góòlù jù nínú ìdíje náà. Ìyẹn náà jẹ́ òótọ́. Kò sí ẹni tó ní kí atamátàsé máa wo ojú ọ̀run nígbà tí bọ́ọ̀lù bá dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó ń fi gbogbo ara wá góòlù nítorí kí ikọ̀ rẹ̀ lè borí, àti ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí góòlù tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbá. Ọ̀nà ló jìn sí ara wọn, bí wọ́n tilẹ̀ jọra lójú. Góòlù mẹ́ta ni Nàìjíríà fi na Algeria ní ọdún 1980, Muda Lawal ló gbá ẹ̀kẹta, kò sì sí ẹni tó rí Odegbami kó máa bá Lawal jà pé òun ni ì bá gbá a kó lè pé mẹ́ta.

Ibi tí èrò nọ́ńbà yìí ti ń pa ikọ̀ lára jù ni pé ó ń sọ ọ́ di ilé olópòó kan. Ẹ fi ọdún méjì wéra. Ní 2013, Emmanuel Emenike ló ń gbá góòlù fún Nàìjíríà ní Gúúsù Áfíríkà. Mẹ́rin ló gbá, àmì ẹ̀yẹ bàtà wúrà sì bọ́ sí i lọ́wọ́ nítorí pé, yàtọ̀ sí góòlù tirẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀lù fún àwọn ẹlòmíràn ju Wakaso Mubarak ti Gánà lọ, tí góòlù wọn jọ dọ́gba. (Ẹ kíyè sí i: ohun tó fún ẹlòmíràn ló jẹ́ kó gba èrè ti ara rẹ̀.) Emenike fara pa nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ṣáájú àṣekágbá, kò sì lè gbá bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ ìkẹyìn. Ìdíje náà ì bá parí síbẹ̀ fún ikọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n Stephen Keshi, tó ti jẹ́ balógun ikọ̀ 1994, tó wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá, kò kọ́ ikọ̀ rẹ̀ lé orí ẹnì kan. Ó ti fi àwọn olórúkọ ńlá sílẹ̀ sílé, ó sì mú àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì abẹ́lé. Ọ̀kan nínú wọn ni Sunday Mba. Mba ló gbá góòlù kan ṣoṣo tí wọ́n fi na Burkina Faso. Ife dé sílé.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ní Rabat, Nàìjíríà pàdé Kóńgò nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó lè ṣí ilẹ̀kùn Ife Àgbáyé 2026. Oṣù kan ṣáájú ni Osimhen ti dá góòlù mẹ́ta gbá sí àwọ̀n Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ ní ìlú Uyo, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ló sì gbá méjì sí àwọ̀n Gabon. Gbogbo ìrètí wá wà ní èjìká rẹ̀. Frank Onyeka gbá góòlù fún Nàìjíríà ní kíá, Kóńgò dá a padà. Osimhen fara pa, kò padà wá fún abala kejì. Láti ìgbà náà títí tí àfikún àsìkò fi parí, Nàìjíríà kò rí góòlù kankan gbá mọ́. Pẹnáritì ni wọ́n fi parí rẹ̀, Kóńgò sì borí. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Éric Chelle ní ẹnì kan láti ìhà Kóńgò ń ṣe oògùn nígbà tí wọ́n ń gbá pẹnáritì. Bóyá ni oògùn kankan lágbára tó ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́rin tí ikọ̀ kan lò láìrí ẹni mìíràn tó lè gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n.

Ẹ̀bi Osimhen kọ́ ni pé ó fara pa, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ pé ó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Àwọn tó ti ń kígbe fún ọdún mélòó kan pé "ẹ gbé e fún Osimhen" ló yẹ kó dáhùn. Bí gbogbo ikọ̀ bá ti gbà pé iṣẹ́ àwọn ni láti wá ẹnì kan, wọn yóò gbàgbé bí a ti ń wá ilé.

Ó tilẹ̀ jẹ́ ohun ìyanu pé Osimhen fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tó dára jù fún ìhà kejì ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kìn-ín-ní àti ìkejì ọdún 2024, ó dé Ivory Coast gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi góòlù 26 gba líìgì Ítálì fún Napoli. Góòlù kan ṣoṣo ló gbá nínú gbogbo ìdíje náà, sí àwọ̀n Equatorial Guinea. Àwọn tó ń ka nọ́ńbà fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo eré náà rí ọkùnrin kan tó ń sáré bí ẹni tí wọ́n yá ní owó. Òun ló já bọ́ọ̀lù gbà lẹ́sẹ̀ agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn Cameroon tó sì gbé e fún Lookman. Bẹ́ẹ̀ ni, Lookman kan náà. Òun ni wọ́n fà ṣubú nígbà tí wọ́n ń bá Ivory Coast gbá nínú ìsọ̀rí, òun náà ni wọ́n tún fà ṣubú nígbà tí wọ́n ń bá Gúúsù Áfíríkà gbá. Ìgbà méjèèjì ni rẹfirí fún wọn ní pẹnáritì, ìgbà méjèèjì ni William Troost-Ekong gbá a wọlé. Osimhen kò bá a du bọ́ọ̀lù. Troost-Ekong, tó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn, ni wọ́n mú ní ẹni tó dára jù nínú ìdíje náà, Nàìjíríà sì dé àṣekágbá kí Ivory Coast tó fi góòlù méjì sí ẹyọ kan gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ta ni góòlù rẹ̀ pọ̀ jù ní ọdún yẹn? Emilio Nsue ti Equatorial Guinea, márùn-ún. Ikọ̀ rẹ̀ kò kọjá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kò-mẹsẹ̀-ó-yọ àkọ́kọ́, òun gan-an ló sì sọ pẹnáritì nù ní ọjọ́ tí Guinea dá wọn padà sílé.

Ẹ tún wo ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ariwo Fez. Osimhen gbá ọ̀kan wọlé sí àwọ̀n Algeria. Nígbà tí bọ́ọ̀lù mìíràn tún dé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé e fún Akor Adams, Adams gbá a wọlé, eré parí ní méjì sí òdo. Bóyá ló jù ìṣẹ́jú kan lọ tí àwọn tó ń ka iye tó kù sí 37 fi sọ ọ̀rọ̀ ìgbésílẹ̀ yẹn. Lójú wọn, góòlù kan tó ṣòfò ni.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni àrùn yìí wà, ká má parọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, Chelsea ń fi góòlù púpọ̀ na Everton nígbà tí Noni Madueke àti Nicolas Jackson bá Cole Palmer fa bọ́ọ̀lù pẹnáritì mọ́ ara wọn lọ́wọ́ bí ọmọdé tó ń jà lórí àkàrà. Palmer ti gbá mẹ́ta wọlé ṣáájú, òun náà ló sì padà gbá a. Góòlù mẹ́fà sí òdo ni eré náà parí sí, ìtìjú ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn sì pè é. Harry Kane gba bàtà wúrà Ife Àgbáyé 2018 pẹ̀lú góòlù mẹ́fà, England sì ṣe ipò kẹrin. Faransé tó gba ife náà fi Olivier Giroud síwájú. Kò gbá góòlù kan, kódà kò sí bọ́ọ̀lù kan tó gbá tó kọjú sí ilé gan-an. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di àwọn ẹlẹ́yìn mú kí Mbappé àti Griezmann lè rí àyè. Ká ní Nàìjíríà ló ti wá, wọn ì bá ti fi orúkọ rẹ̀ ṣe orin èébú kí ìsọ̀rí tó parí.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ilẹ̀ yòókù ní ohun tó ń ká ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kò. Ní Nàìjíríà, gbogbo nǹkan ló ń tì í síwájú. Ẹ ka orúkọ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ti gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà láàárín àwọn ọkùnrin: Yekini, Amuneke, Kanu lẹ́ẹ̀mejì, Ikpeba, Osimhen, Lookman. Iwájú ni gbogbo wọn ń gbá. Keshi kò sí níbẹ̀. Okocha, tí àwọn agbábọ́ọ̀lù iwájú ń jẹ lára ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò gba ti àjọ CAF rí. Ọmọ ọdún méjìlá tó wà ní akádẹ́mì ní Agége tàbí Abẹ́òkúta rí èyí, ó sì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ẹni tó fẹ́ tà á sókè òkun yóò ní kó mú fídíò wá, fídíò náà kò sì ní fi ìgbà tó sáré padà lọ gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn hàn. Àwọn ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ wá fi tiwọn kún un: kì í ṣe ẹni tó borí nìkan ni wọ́n ń ta mọ́, wọ́n ń ta orúkọ ẹni tí yóò gbá góòlù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti fi owó oúnjẹ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ lé orí ẹnì kan, ṣé ikọ̀ ni yóò máa gbàdúrà fún ni? Yóò máa bú ẹni tó gbá góòlù tó mú kí Nàìjíríà borí, nítorí pé kì í ṣe orúkọ tó wà nínú ìwé rẹ̀.

Àwọn oníròyìn kò gbọ́dọ̀ fi ara pamọ́ nínú èyí. Èdè Yorùbá rẹwà lẹ́nu àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ eré ìdárayá, wọ́n sì ní orúkọ aládùn fún ẹni tó ń gbá a wọlé: atamátàsé. Ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù náà dé ibẹ̀ ńkọ́? Kò sí orúkọ kankan fún un títí di òní, àfi kí wọ́n fi gbólóhùn gígùn ṣàlàyé rẹ̀ tàbí kí wọ́n yá ti Gẹ̀ẹ́sì lò. Ọ̀rọ̀ yìí yani lẹ́nu láti inú èdè tó ní orúkọ fún gbogbo ìlù tó wà lẹ́yìn ìyáàlù. Wọ́n mọ gúdúgúdú, wọ́n mọ kẹríkẹrì, wọ́n mọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Onílù tó bá dákẹ́ gúdúgúdú torí pé ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, àwọn oníjó ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.

Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì, kó kúrò ní pápá bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, kó lọ wo àwọn obìnrin D'Tigress tó ń gbá bọ́ọ̀lù aláwọ̀n. Láti 2017 sí 2025, ìgbà márùn-ún ni wọ́n ti gba ife Áfíríkà léra wọn láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ wọn. Ní Paris 2024, lábẹ́ Rena Wakama, wọ́n na Australia, wọ́n na Canada, wọ́n sì di ikọ̀ bọ́ọ̀lù aláwọ̀n àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó dé ìpele ikọ̀ mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní Òlíḿpíìkì. Kí ọmọ Nàìjíríà tó bá ń ka èyí gbìyànjú láti dárúkọ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé jù nínú wọn. Ọ̀pọ̀ kò lè dárúkọ rẹ̀. Ife márùn-ún ló wà nílé.

Osimhen yóò lé Yekini bá, bí Ọlọ́run bá fún un ní ìlera. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ó yẹ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n kí àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn bẹ̀rẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ kí wọ́n máa kọ èsì síwájú, kí orúkọ ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù wá sì máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni tó gbá a wọlé, ní ìlà kan náà, pẹ̀lú lẹ́tà tó tóbi bákan náà. Kí wọ́n padà sẹ́yìn pàápàá, kí wọ́n tún góòlù Dallas sọ. Gbogbo ọmọ Nàìjíríà ló lè sọ ibi tí Yekini ki ọwọ́ bọ̀. Finidi George ló gbé bọ́ọ̀lù náà wá láti ìhà ọ̀tún.